Ohun Tí Samsudeen Fi Sínú Fíìmù

Ẹni tó bá dé Ìsẹ́yìn lónìí, tó sì béèrè ilé Bàbá Waheedat, àwọn tó bá bi léèrè á kọ́kọ́ wo ojú ara wọn ná kí wọ́n tó júwe ọ̀nà fún un. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń pe Alhaji Mùstàfá bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí Fàtímọ̀ ìyàwó rẹ̀ ti bí àkọ́bí wọn, kò sì sí ẹni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì rí. Fíìmù kan ló dé. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nínú fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, síbẹ̀ ohun tí ènìyàn mẹ́ta péré mọ̀ láyé ni ó tú síta. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà sínú rẹ̀ ni Waheedat fẹ́ fẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni Waheedat ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nígboro. Ó ga, kì í tètè rẹ́rìn-ín, a sì máa jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ tán kó tó fèsì. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó kọ ìwé ìtàn kan tó pè ní Ilé Mákindé. Ìtàn àgbẹ̀ kan ni, tó fẹ́ obìnrin kan tí gbogbo ẹbí rẹ̀ kò fẹ́, tó kánjú gbé e sílé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, tí kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí irun fi funfun lórí àwọn méjèèjì. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni ó kọ ọ́ sí pé: "Fún bàbá mi. Òun ni Mákindé."

Wọ́n ka ìwé náà ní Òkè-Ògùn. Wọ́n kà á lórí rédíò, àwọn obìnrin ń gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀gúsí. Ibi yòówù kí Waheedat dé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi í.

"Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, kí ló dé gan-an tí Mákindé fi fẹ́ obìnrin yẹn?"

Waheedat á ní, "Ìfẹ́ ni."

Ó ku díẹ̀ kí ìwé náà pé ọdún kan nígbà tí Samsudeen dé. Ọmọ Ṣakí ni, ó kọ́ iṣẹ́ fíìmù, ó sì ń yàwòrán ìgbéyàwó àti ìkómọ láti fi gbọ́ bùkátà. Ọjọ́bọ̀ kan ló wá sí ilé ẹ̀kọ́ náà, ìwé Waheedat lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn ìwé náà ti já.

"Ẹ̀yin ni Waheedat Oyèlékè?"

"Èmi ni."

"Mo ti ka ìwé yìí lẹ́ẹ̀mẹfà. Inú ń bí mi sí yín."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò jẹ́ kí Mákindé sunkún níbì kankan. Ọkùnrin tójú rẹ̀ rí tó báyẹn!"

"Bàbá mi kì í sunkún," ni Waheedat sọ, kó tó mọ̀ pé òun ti lanu. Samsudeen bú sẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín, àwọn olùkọ́ tó wà nínú ọ́fíìsì sì yọjú láti wo ohun tó pa Waheedat lẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni Samsudeen ń gun ọ̀kadà láti Ṣakí wá sí Ìsẹ́yìn. Eruku ọ̀nà á ti kun ìpéǹpéjú rẹ̀ kó tó dé. Sátidé kan, wọ́n gun òkè Adó-Àwáyè lọ wo omi tó wà lórí rẹ̀. Níbi tí àtẹ̀gùn ti ń yọ̀, ó di Waheedat lọ́wọ́ mú. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó tẹ́jú, kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀, Waheedat náà kò sì fà á kúrò. Ọ̀sẹ̀ tí òjò kò jẹ́ kí ó wá, Waheedat kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀.

Nígbà tí ọdún kan kọjá, Samsudeen bẹ Àpọ́nlé níṣẹ́. Olùkọ́ bíi Waheedat ni Àpọ́nlé, àgbà obìnrin tó mọ ẹnu í lò, ọ̀rẹ́ sì ni òun àti Fàtímọ̀. Ìyá Kẹ́hìndé ni wọ́n máa ń pè é nílé wọn. Ó lọ bá Alhaji Mùstàfá lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun.

"Iṣẹ́ wo ni ọmọkùnrin náà ń ṣe?"

"Fíìmù ni, Alhaji."

"Iṣẹ́ ni mo bi yín."

"Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, Alhaji."

Bàbá náà tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ dákun, ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá rí ní ìyẹ̀wù ènìyàn ló ń gbé lọ fi han ará ìta, n kò lè mú un wọ ilé mi."

Àpọ́nlé kò fi bò. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ló ṣe jíṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Samsudeen jókòó sórí àpótí, Waheedat dúró tì í. Nígbà tí Àpọ́nlé wọlé lọ gbé omi, Samsudeen ju ìbòrí ọ̀kadà rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá rẹ le jù. Kò rí mi rí, ó ti dájọ́ mi. Ọkàn òkúta ni."

"Má pe bàbá mi bẹ́ẹ̀."

"Kí ni kí n pè é? Ènìyàn tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìfẹ́!"

Gbólóhùn yìí ló wọ Waheedat lára. Bí ó bá jẹ́ pé èébú ni, ì bá fara dà á. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì sọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un ní ọjọ́ tó pé ogún ọdún. Pé ọkùnrin kan ti fún Fàtímọ̀ lóyún, ó sì ti sá lọ sí Kùtọnu. Pé Mùstàfá ti ń yọjú sí Fàtímọ̀ lásìkò náà, Fàtímọ̀ sì lọ bá a lóko, ó sọ òótọ́ fún un, ó ní kó máa bá tirẹ̀ lọ. Mùstàfá fi ọkọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ yẹn á ṣáà máa pe ẹnì kan ní bàbá. Jẹ́ kó máa pè mí." Lọ́jọ́ kẹwàá, wọ́n ti so yìgì. Oṣù keje lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bí Waheedat, ó sì tóbi, ṣùgbọ́n Mùstàfá sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọmọ oṣù méje ni, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ìdí tí mi ò fi lè ṣàìgbọràn sí i nìyẹn," ni Waheedat wí. "Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi, ìyá mi àti òun nìkan la mọ̀ ọ́n. Òun gan-an kò mọ̀ pé ìyá mi ti sọ fún mi."

Omi dà lójú Samsudeen. Ó di ọwọ́ Waheedat méjèèjì mú. "Wàhí, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò ní sọ ọ́. Ikùn mi ló máa gbé."

Waheedat gbà á gbọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sì mú kó túbọ̀ gbà á gbọ́. Samsudeen kò sá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gba oko Alhaji Mùstàfá lọ lójú ọ̀nà Komu, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé ọkọ́, ó sì bá wọn ro oko kaṣú dé ìrọ̀lẹ́. Bàbá náà kò lé e, kò sì bá a sọ̀rọ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí ọ̀rọ̀ fi ń bọ́ lẹ́nu bàbá náà díẹ̀díẹ̀, nípa òjò, nípa màlúù tó ń jẹ àgbàdo, nípa Ṣakí láyé àtijọ́.

Ẹ̀yìn náà ni ọ̀nà Jámánì ṣí fún Samsudeen. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Bẹ̀líìnì gbà á láti tún iṣẹ́ fíìmù kọ́ sí i. Ibẹ̀ ló ti pàdé obìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Hánà, tó ń ṣe irú fíìmù tí àwọn ará Jámánì ń ṣe ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Dúdú àti funfun ni, ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀ á máa mì, ohùn kò ní jáde, dùùrù nìkan ló máa ń dún. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti di dandan, wọ́n á kọ ọ́ kí ènìyàn kà á. Hánà ń wá ìwé ìtàn tí yóò sọ di irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Samsudeen túmọ̀ Ilé Mákindé fún un.

Ìdùnnú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Waheedat. Ó buwọ́ lùwé, ó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣe é. Òwúrọ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, Samsudeen pè é lórí fóònù.

"Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Àmọ́ Hánà ní ìbéèrè kan. Ó ní kí ló dé tí Mákindé fi fẹ́ ẹ."

Waheedat rẹ́rìn-ín. "Òun náà! Sọ fún un pé ìfẹ́ ni."

"Mo ti sọ ọ́."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, Waheedat sì rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló ń dà á láàmú. Lẹ́yìn náà ni Samsudeen ní, "Má ṣèyọnu. A ó rí i ṣe."

Ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi ya fíìmù náà ní Komu àti Ofiki. Ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé kò jẹ́ kí Waheedat lọ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ibi tí wọ́n ti ń kórè àgbàdo ni ó sì bá wọn lọ́jọ́ méjèèjì. Bó bá béèrè ìyókù, Samsudeen á ní kí ó dúró títí yóò fi parí, kó lè rí i bí àlejò ṣe ń rí i.

Fíìmù náà lókìkí ní Jámánì. Samsudeen padà wálé, ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Alhaji Mùstàfá, bàbá náà sì wò ó títí.

"Ìlú tó dára tó báyẹn, o sì padà wá nítorí ọmọ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Dìde. Mo fún ọ."

Wọ́n dá yìgì sí Sátidé kejì lẹ́yìn ìtúnu àwẹ̀. Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọ́n kó gbogbo ìlú jọ sí gbọ̀ngàn kan láti wo fíìmù náà. Iwájú pátápátá ni wọ́n fi Alhaji Mùstàfá àti Fàtímọ̀ jókòó sí. Alhaji kò wọ gbọ̀ngàn fíìmù rí láyé rẹ̀. Ó wọ agbádá funfun, ó ń kí àwọn ènìyàn tó ń pè é ní Mákindé. Waheedat jókòó tì í, Samsudeen sì jókòó ti Waheedat, Hánà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Dùùrù bẹ̀rẹ̀. Mákindé jáde sójú ògiri, ọkọ́ léjìká, gbogbo ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà ń bọ̀ láti òkèèrè gba àárín oko, ó pẹ́ kó tó dé. Waheedat kò kọ irú ibẹ̀ yẹn sínú ìwé rẹ̀. Obìnrin náà dúró níwájú Mákindé, ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, ó mú ọwọ́ ọkùnrin náà, ó sì gbé e lé ikùn ara rẹ̀. Mákindé ju ọkọ́ sílẹ̀. Ètè rẹ̀ mì. Ìgbà náà ni lẹ́tà funfun hàn lórí ògiri dúdú, ó sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè kà á:

"Ọmọ yẹn á ṣáà máa pe ẹnì kan ní bàbá. Jẹ́ kó máa pè mí."

Waheedat tún un kà. Kò tíì kà á tán tí wọ́n fi dé ibi ìkómọ, tí Mákindé gbé ọmọ ńlá kan dání, tí lẹ́tà sì tún hàn: "Ọmọ oṣù méje ni."

Obìnrin kan lẹ́yìn wọn fa ohùn sílẹ̀. "Ọmọ oṣù méje! Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ nípa Waheedat?"

"Ṣẹ́nu ẹ, jàre," ni ẹnìkejì rẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti ń lọ láti ìjókòó dé ìjókòó. Kò sí ariwo kankan nínú fíìmù tí yóò bò ó.

Samsudeen tẹ̀ sí etí Waheedat. Ojú rẹ̀ ń dán. "Ṣó o rí wọn? Wọ́n ń sunkún."

 Bàbá rẹ̀ ni Waheedat ń wò. Alhaji Mùstàfá ti ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún, ó sì ń wo iwájú. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí fíìmù fi parí. Fàtímọ̀ ti fi ìborùn bo ojú. Nígbà tí iná tàn, bàbá náà dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ Hánà lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń pè é ní Mákindé nígbà tó wọlé yà fún un lọ́nà, wọn kò pè é ní nǹkankan.

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn náà ni Waheedat ti dá Samsudeen dúró.

"Ta ló ní kó o fi síbẹ̀?"

"Wàhí, fara balẹ̀. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"Èmi ti dárúkọ rẹ̀. Ó wà níwájú ìwé."

"Ibẹ̀ ló dára jù nínú fíìmù yẹn! Ní Bẹ̀líìnì, ńṣe ni wọ́n dìde dúró. Wọ́n fẹ́ràn bàbá rẹ, àwọn tí kò rí i rí."

"O búra fún mi."

"Mo búra pé mi ò ní sọ ọ́. Mi ò sì..." Ó gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, ó sì dákẹ́.

Waheedat dúró kó parí rẹ̀.

"Ìgbà wo lo sọ fún òyìnbó yẹn?"

"Èṣí. Ó ní tí kò bá sí ìdí tó mú Mákindé fẹ́ ẹ, òun ò ní ṣe é. Gbogbo nǹkan ni ì bá dàrú."

"Kí ló dé tí o ò bi mí?"

Samsudeen wo ilẹ̀. "Torí mo mọ̀ pé o ò ní gbà."

Waheedat ti ń retí pé yóò sọ pé òun kò rò ó, pé ó ṣèèṣì ni. Ìbá rọrùn fún un láti dárí àṣìṣe jì í. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti mọ ohun tí òun yóò sọ, ó mọ̀ ọ́n dájú, ìdí nìyẹn tí kò fi béèrè. Odindi ọdún kan ló fi ń pè é ní àràárọ̀, tó ń bi í bóyá ó sùn dáadáa.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Fàtímọ̀ kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Waheedat kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́. Ìyá náà gbọ́ ọ tán.

"Mo sọ fún ọ nítorí mo rò pé o ti dàgbà," ló wí. "Dìde lọ."

Lọ́jọ́ Ajé, Alfa Muhydeen dé. Òun ló so yìgì Mùstàfá àti Fàtímọ̀, òun ló sì fún Waheedat lórúkọ. Òun náà ni yóò so yìgì Sátidé. Ó jókòó nínú pálọ̀, ó ń yí tẹ̀síbáà.

"Alhaji, ẹ má bínú. Ohun tí à ń gbọ́ nígboro, n kò ní bi yín bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òótọ́, òfin ẹ̀sìn kò gbà pé kí ẹ ṣe walí rẹ̀. Ẹlòmíràn ni yóò fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Mo lè dúró fún un, tàbí kí ìmáàmù dúró."

Alhaji Mùstàfá yíjú sí i.

"Alfa, lọ́jọ́ tí ẹ sọ ọ́ lórúkọ, ọwọ́ ta ni ẹ ti gbà á?"

"Ọwọ́ yín ni."

"Ó dáa."

Waheedat ń gbọ́ ọ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó ti ronú ní gbogbo òwúrọ̀ yẹn pé bóyá òun yóò dárí ji Samsudeen, nítorí ìfẹ́ náà kò tíì lọ níbì kankan, ó ṣì wà ní àyà òun bó ṣe wà lánàá. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ "ó dáa" yẹn, ó jáde, ó sì kúnlẹ̀.

"Alfa, ẹ má wulẹ̀ wá walí kankan. Kò sí yìgì mọ́."

Ọjọ́rú ni Samsudeen wá pẹ̀lú bàbá rẹ̀ láti Ṣakí, Àpọ́nlé sì ṣáájú wọn. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Samsudeen ní òun ti bá Hánà sọ̀rọ̀, wọn yóò gé ibẹ̀ kúrò. Kò ní sí nínú fíìmù náà mọ́ títí ayé.

"Ẹ kú ìrìn o," ni Waheedat wí. "Ẹ lè gé e, ẹ sì lè fi í sílẹ̀. Ẹni tó ti rí i ti rí i."

Samsudeen gbé ojú sókè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gun òkè Adó-Àwáyè, Waheedat kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Wàhí, mo fẹ́ràn rẹ. Irọ́ kọ́."

"Mo mọ̀ pé irọ́ kọ́. Òun ló ń dùn mí. Ẹ dìde, ilẹ̀ tutù."

Àpọ́nlé ló kó àwọn ẹrù ìdána padà fún wọn lọ́jọ́ kejì. Kí oṣù náà tó parí, Samsudeen ti padà sí Jámánì. A gbọ́ pé fíìmù náà ń lọ láti ìlú dé ìlú níbẹ̀, bí wọ́n ṣe yà á náà ni.

Sátidé tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ yìgì, Waheedat tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sóko. Àsìkò kaṣú ni. Wọ́n ń ṣa èyí tó jábọ́ sílẹ̀, wọ́n ń yí kóró kúrò lára èso, agbọ̀n kan láàárín wọn. Bàbá náà kò tíì bá a sọ ohun kan nípa fíìmù láti ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ti iṣẹ́ nìkan ló ń bá a sọ. Waheedat kò lè fara dà á mọ́.

"Bàbá, èmi ni mo sọ fún un."

"Mo mọ̀." Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Àwa mẹ́ta ni. Èmi ò sọ ọ́. Ìyá rẹ kì í bá àjèjì sọ̀rọ̀."

"Ẹ dákun, ẹ foríjì mí."

Bàbá náà yí kóró méjì sí i, ó jù wọ́n sínú agbọ̀n.

"Kí ló mú ọ sọ ọ́?"

Waheedat fẹ́ parọ́, ó fẹ́ sọ pé ó bọ́ lẹ́nu òun ni. Kò lè ṣe é.

"Ọjọ́ tí ẹ kọ̀ fún un ni. Ó ní ọkàn yín le, ó ní ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìfẹ́. Mo fẹ́ kó mọ irú ènìyàn tí ẹ jẹ́."

Alhaji Mùstàfá dáwọ́ dúró. Ó jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ náà, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó sì wo ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ fíìmù. Omi ń jáde lójú rẹ̀, kò sì gbìyànjú láti nù ún.

"Ìyá rẹ ní láti ọmọ ogún ọdún lo ti mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O kò sì sọ fún mi pé o mọ̀." Ó mi orí. "Nígbà míì tí o bá fẹ́ yìn mí, Waheedat, èmi ni kó o wá sọ ọ́ fún."